Ọkọ Tàbí Aya Tí Iyè Ẹnìkejì Rẹ̀ Ń Rà: Ìtọ́jú Àrùn Alzheimer Nínú Ilé ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Ní Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹru, Ìlíṣàn, Ìsarà àti àwọn ìlú Rẹ́mọ yòókù ní ìpínlẹ̀ Ògùn, bí àgbàlagbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí ó ń béèrè ohun kan náà ní àbéèrètúnbéèrè láàárín òwúrọ̀ kan, tàbí tí ó jáde nílé tí kò mọ ọ̀nà àbọ̀ mọ́, ohun tí àwọn ará ilé sábà máa ń sọ ni pé ó ti ń ṣarán, pé ọjọ́ ogbó ló dé, àwọn mìíràn a sì máa fura sí ọwọ́ ayé. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ń rí àyípadà náà kì í sábà jẹ́ ọmọ tàbí dókítà, bí kò ṣe ẹni tí wọ́n jọ ń sùn tí wọ́n jọ ń jí, ìyẹn ọkọ tàbí aya. Ẹni yìí kan náà ni ẹrù ìtọ́jú ń já lé léjìká, kì í sì í sí ẹni tí yóò bi í léèrè bí òun fúnra rẹ̀ ti ń sùn, bí ó ti ń jẹun, tàbí ibi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru dé. Àrùn náà fúnra rẹ̀ ni àlàyé yìí yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò, àti ohun tí ilé ìwòsàn lè ṣe sí i, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ gan-an ni pé ó yẹ kí ẹbí ka ìtọ́jú olùtọ́jú mọ́ ìtọ́jú aláìsàn, nítorí pé bí ẹni tí ń tọ́jú bá ṣubú, aláìsàn méjì ni yóò kù sílẹ̀ nínú ilé.

Iyè rírà ni orúkọ gbogboogbò fún ipò tí ọpọlọ ti bàjẹ́ dé ibi tí ènìyàn kò fi lè ronú, kí ó rántí, kí ó sọ̀rọ̀ tàbí kí ó dá ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ mọ́ bí ó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Oríṣiríṣi àrùn ni ó lè fa ipò yìí, àwọn tí ń dí òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ, irú èyí tí ń fa rọpárọsẹ̀, sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni àrùn Alzheimer, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé òun ni ó wà nídìí nǹkan bí ìdá 60 sí 70 nínú 100 gbogbo iyè rírà. Nínú àrùn yìí, èròjà purotéènì méjì ni ó ń kó jọ sínú ọpọlọ lọ́nà tí kò yẹ: èkíní, tí wọ́n ń pè ní amyloid, ń di òkìtì kéékèèké sí àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, èkejì, tí wọ́n ń pè ní tau, ń lọ́ pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ bí òwú tí ó ta kókó, títí sẹ́ẹ̀lì náà yóò fi kú tí ọpọlọ yóò sì máa sún kì. Apá ọpọlọ tí ń gba ìrántí tuntun wọlé ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, ìdí sì nìyí tí ẹni tí ó ní àrùn náà fi lè ka orúkọ àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì ní ọdún 1958 láìfo ẹnìkan, kí ó má sì rántí pé òun ti jẹun àárọ̀. Àwọn tí wọ́n gbọ́ irú ìrántí àtijọ́ bẹ́ẹ̀ a máa sọ pé kò sí ohun tí ó ṣe é, pé ó kàn ń dọ́gbọ́n ni. Ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń dun ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ tọ̀sán-tòru gidigidi.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ìtàn àrùn yìí ti jẹ́ ìtàn tọkọtaya. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1901, Karl Deter, akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní Jámánì, mú ìyàwó rẹ̀ Auguste, ẹni ọdún 51, lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní ìlú Frankfurt. Ohun tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ rí ni pé ìyàwó rẹ̀ ń jowú láìnídìí, ó ń fẹ̀sùn àgbèrè kàn án. Lẹ́yìn náà ni ìgbàgbé wọlé dé, obìnrin náà ń kó nǹkan pamọ́ káàkiri ilé, kò sì lè dáná bí ó ti yẹ mọ́. Dókítà Alois Alzheimer ni ó yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tí aláìsàn náà sì kú ní oṣù kẹrin ọdún 1906, dókítà yìí gba ọpọlọ rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ awò-kòkòrò wò ó, ó rí òkìtì àti kókó inú sẹ́ẹ̀lì, ó sì ròyìn wọn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Tübingen ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà. Ní ọdún 1910 ni Emil Kraepelin, ọ̀gá rẹ̀, fi orúkọ Alzheimer pe àrùn náà nínú ìwé rẹ̀. Ayé mọ orúkọ dókítà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì tọ́; ṣùgbọ́n láìsí ọkọ tí ó lè sọ bí nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀ nínú ilé, òkìtì àti kókó nìkan kì bá tí tó láti sọ ìtàn àrùn náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé àrùn òyìnbó ni, pé irú rẹ̀ kò sí láàárín àwọn tí ń jẹ iṣu àti ẹ̀fọ́. Ṣùgbọ́n ìwádìí ńlá kan lórí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ láàárín Yorùbá fúnra wọn ní ọdún 1992, nígbà tí Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà pa ọwọ́ pọ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun àti Hugh Hendrie, láti fi àwọn àgbàlagbà àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà tí ń gbé ní Indianapolis. Ọ̀ṣúntókun kú ní ọdún 1995, àwọn bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì sì bá iṣẹ́ náà lọ. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001, lẹ́yìn tí wọ́n ti tọpa àwọn àgbàlagbà 2,459 ní Ìbàdàn àti 2,147 ní Indianapolis, fi hàn pé nínú 100 àgbàlagbà tí ó ti tó ọdún 65 sókè, 1.15 ni àrùn Alzheimer ń mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn, nígbà tí ó jẹ́ 2.52 ní Indianapolis. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè yọ̀, kò sì burú bí ó bá yọ̀. Àmọ́ kíkéré kò túmọ̀ sí àìsí, iye àwọn tí ó ń dàgbà kọjá ọdún 65 láàárín Yorùbá sì ń pọ̀ sí i. Àwọn olùwádìí Ìbàdàn kan náà rí i lẹ́yìn náà pé àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ni iyè ń rà jù, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti wọ́pọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Rẹ́mọ.

Ohun kan wà nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ìwádìí náà tí ó kan ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya gan-an. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Ìdíkàn kò lọ sí ilé ìwé, nítorí náà ìdánwò tí ó ń béèrè ìṣirò orí ìwé tàbí ìkọ̀wé kò lè sọ ẹni tí iyè rẹ̀ rà yàtọ̀ sí ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Àwọn olùwádìí wá ṣe ìdánwò alápá méjì: wọ́n bá àgbàlagbà náà sọ̀rọ̀, wọ́n sì tún jókòó ti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa láti béèrè bóyá ó ṣì ń mọ ìṣírò owó, bóyá ó ń ṣìnà ní àdúgbò rẹ̀, bóyá ìwà rẹ̀ ti yí padà. Ìyẹn ni pé ẹ̀rí ẹni tí ń bá aláìsàn gbé jẹ́ apá kan lára àyẹ̀wò, kì í ṣe àròyé lásán. Aya tí ó bá ń lọ rí dókítà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tijú láti sọ gbogbo rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé a kì í tú àṣírí ọkọ síta. Bí ọ̀rọ̀ bá nira níwájú rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó fi lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ kí wọ́n tó wọlé.

Kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni àrùn Alzheimer, èyí sì ni ìdí pàtàkì tí ó fi yẹ kí wọ́n tètè lọ. Àìtó fítámì B12 lára, àìṣiṣẹ́ dáadáa ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ó wọni lára, ẹ̀jẹ̀ tí ó dà sí abẹ́ agbárí lẹ́yìn tí àgbàlagbà ṣubú, etí tí kò gbọ́ràn mọ́, àní àwọn oògùn ara yíyún tàbí oògùn oorun tí wọ́n rà ní kẹ́mísì, gbogbo wọn lè mú kí ènìyàn dà bí ẹni tí iyè rẹ̀ rà, púpọ̀ nínú wọn sì ní ìtọ́jú. Bí ìdàrúdàpọ̀ bá dé lójijì, láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ibà tàbí àkóràn ojú ìtọ̀ ló lè fà á, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì sì ni. Àwọn ará Rẹ́mọ kò jìnnà sí ibi àyẹ̀wò: ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1986, wà ní Ṣágámù, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Babcock wà ní Ìlíṣàn, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Àrọ̀ wà ní Abẹ́òkúta, bẹ́ẹ̀ ni ibùdó ìtọ́jú àwọn arúgbó tí wọ́n ń pè ní Chief Tony Anenih Geriatric Centre ti wà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn láti ọdún 2012. Oògùn bí donepezil, rivastigmine àti memantine lè dín àmì àrùn náà kù fún ìgbà díẹ̀ lára àwọn kan. Kò sí èyí tí ó ń wò ó sàn, kò sì sí ẹ̀rí pé ìsọ̀yè tí àwọn kan ń rà lọ́wọ́ elégbòogi lè dá ohun tí ọpọlọ ti sọ nù padà. Ẹni tí ó bá ń lo àgúnmu tàbí àgbo pẹ̀lú oògùn ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà.

Ohun tí ń dá ọkọ tàbí aya lágara jù lọ kì í ṣe ìgbàgbé fúnra rẹ̀, bí kò ṣe ìwà tí ìgbàgbé ń bí. Obìnrin tí ó ti ta obì fún ogójì ọdún ní Sábó ní Ṣágámù lè bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ọkọ òun jí owó òun kó, nígbà tí ó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó fi owó náà sí abẹ́ ìrọ̀rí. Bàbá tí ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ lè wo ìyàwó rẹ̀ lójú kí ó béèrè pé ta ló mú obìnrin yìí wọlé. Kì í ṣe ìkà ló ń sọ̀rọ̀: nígbà tí ọpọlọ kò bá rí àkọsílẹ̀ ibi tí a fi nǹkan sí, ó máa ń dá ìdáhùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí tí ó sì sún mọ́ ọn jù ni pé ẹnìkan ti gbé e. Àríyànjiyàn kò lè borí irú èrò bẹ́ẹ̀, nítorí pé apá ọpọlọ tí ì bá gba ẹ̀rí wọlé gan-an ni ó ti bàjẹ́. Ohun tí ó máa ń ṣiṣẹ́ ni kí olùtọ́jú sọ pé kí àwọn jọ wá a, kí ó máa wá a lóòótọ́, kí ó sì rọra fà á sí ọ̀rọ̀ mìíràn; kí ó tún ní kọ́kọ́rọ́ àti ìgò ojú méjì-méjì nílé, kí ìjà tó ń ti ara wọn wá lè dín kù.

Bí aláìsàn bá ń sọ pé òun fẹ́ lọ sí ilé, tí ó sì wà nínú ilé tí ó ti ń gbé láti ọgbọ̀n ọdún, agbo ilé bàbá rẹ̀ ní Òde Rẹ́mọ tàbí ní Ìpẹru ni ọkàn rẹ̀ ń wá, àti ìyá tí ó ti kú tipẹ́. Láti sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti kú jẹ́ láti tún òkú náà sọ fún un lójoojúmọ́ bí ẹni pé òní ló ṣẹlẹ̀, ẹkún náà a sì jẹ́ ẹkún tuntun nígbà gbogbo. Ó sàn kí ènìyàn bi í bí ìyá náà ti rí, irú ọbẹ̀ tí ó ń sè, orin tí ó ń kọ. Ọ̀nà ìkíni àti ìbọ̀wọ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀ nítorí àìsàn. Aya tí ó ti ń pe ọkọ rẹ̀ ní Bàbá Káyọ̀dé láti ọjọ́ pípẹ́, tí ó sì ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀, kí ó má ṣe yí i padà, nítorí orúkọ àtijọ́ máa ń pẹ́ lọ́kàn ju orúkọ tuntun lọ; oríkì àbísọ bí Àbẹ̀kẹ́ tàbí Àjàní, tí ìyá aláìsàn fi ń pè é ní kékeré, lè fà á wálẹ̀ nígbà tí àlàyé kò lè ṣe é. Kò sì yẹ kí ọmọ máa jágbe mọ́ bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ wí; aláìsàn lè gbàgbé ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tàbí ìtìjú tí ọ̀rọ̀ náà dá sílẹ̀ lè wà lára rẹ̀ títí di alẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń le jù. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ara rẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́, a máa rìn kiri, a máa ṣí ilẹ̀kùn, òjìji ara ògiri a sì máa dà bí ènìyàn lójú rẹ̀. Bí iná mànàmáná bá lọ lójijì, ìdààmú náà a tún pọ̀ sí i. Kí iná tí wọ́n ti gba agbára sí wà ní títàn kí ilẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n ṣí aṣọ lórí fèrèsé ní ọ̀sán kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, kí oorun ọ̀sán má ṣe gùn jù, kí orin tí ó mọ̀ láti ìgbà èwe sì máa lọ lábẹ́lẹ̀, ìbáà jẹ́ orin ìjọ, ìbáà jẹ́ àpàlà Haruna Ìṣọ̀lá, nítorí pé orin àtijọ́ máa ń wà lọ́kàn aláìsàn nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu ti ń sọ nù. Rírìn sọnù ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ní ewu tirẹ̀: ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn àti ọ̀nà Ṣágámù sí Benin pàdé lẹ́bàá Ṣágámù, ọkọ̀ ń sáré níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, Ìkẹ́nnẹ́ sì ní odò Ùrẹ́n tirẹ̀. Agogo kékeré lẹ́nu ilẹ̀kùn, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù tí wọ́n rán mọ́ inú aṣọ, àti kí gbogbo àwọn alájọgbé, àwọn ọlọ́kadà àti àwọn olùtajà ẹ̀bá ọ̀nà mọ ẹni tí aláìsàn náà í ṣe, wọ̀nyí dáàbò bo ènìyàn ju títì í mọ́lé lọ. Ìtìjú tí ń mú kí ẹbí fi àìsàn náà pamọ́ fún àdúgbò ni ó ń sọ àdúgbò di ohun tí kò wúlò.

Ọ̀rọ̀ ayé àti àjẹ́ kò ṣeé fò kọjá. Arúgbó obìnrin tí ń sọ̀rọ̀ ní òun nìkan lóru, tí ó ń ka ẹ̀sùn sí ara rẹ̀ lọ́rùn, tàbí tí kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́, ti di ẹni tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn kan sì ti fara gba ẹgba àti ẹ̀wọ̀n ní ibi tí wọ́n ti ní àwọn ń tú wọn sílẹ̀. Àdúrà kò ba ohunkóhun jẹ́, ó sì ń fún ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ní agbára. Ohun tí ó burú ni àwẹ̀ tí wọ́n fi dandan gbé lé ẹni tí ó ti ń gbàgbé láti jẹun, àti dídè mọ́lẹ̀. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023, tí ó rọ́pò òfin tí ó ti wà láti ìgbà àwọn òyìnbó amúnisìn, ka aláìsàn ọpọlọ sí ènìyàn tí ó ní ẹ̀tọ́, pásítọ̀ tàbí àlùfáà tí ó bá sì rán ẹbí lọ sí ilé ìwòsàn kò dín agbára àdúrà rẹ̀ kù.

Ipa tí ẹbí ń kó nínú ìwòsàn kì í ṣe ohun àjèjì ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àrọ̀ tí gbogbo ayé wá fi kọ́gbọ́n: dípò kí wọ́n kó àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́ inú ọgbà, wọ́n ní kí aláìsàn wá pẹ̀lú ìbátan rẹ̀, kí àwọn méjèèjì wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, kí aláìsàn máa wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, kí ìbátan náà sì máa dáná fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó máa bá a rìn. Ètò náà kì í ṣe ti àwọn tí iyè wọn rà ní pàtàkì, ṣùgbọ́n ohun tí Lámbò rí ni pé ìbátan kì í ṣe àlejò tí ń wá wo aláìsàn. Òun náà jẹ́ apá kan ìwòsàn. Ó ya ni lẹ́nu pé nínú ọ̀pọ̀ ilé lónìí, ìbátan kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ láti jẹ́ gbogbo abúlé.

Ẹni yẹn sábà máa ń jẹ́ obìnrin. Ọkùnrin Yorùbá sábà máa ń fi ọdún díẹ̀ ju ìyàwó rẹ̀ lọ, nítorí náà aya ẹni ọdún 68 tí eékún ń dùn ni yóò máa gbé ọkọ ẹni ọdún 77 dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ọmọ wà ní Èkó, ní Àbújá, ní òkè òkun. Wọ́n ń fi owó ránṣẹ́, wọ́n ń pè lórí fóònù, Bàbá sì máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa fún ìṣẹ́jú márùn-ún lórí fóònù, nítorí pé ìkíni ni ohun tí ó máa ń pẹ́ jù kí ó tó sọ nù, àwọn ọmọ a wá sọ pé Ìyá ń sọ àsọdùn. Nígbà mìíràn, ìyá ni ó lọ sí Èkó tàbí London láti bá ọmọ tọ́jú ọmọ tuntun, bàbá a wà nílé ní òun nìkan, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ó ti ń gbàgbé láti pa iná ìdáná.

Ohun tí ẹrù yìí ń ṣe fún ara kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfẹnusọ. Ní ọdún 1999, Richard Schulz àti Scott Beach tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn àgbàlagbà ẹni ọdún 66 sí 96 tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú ọkọ tàbí aya wọn. Wọ́n tọpa wọn fún ọdún 4, wọ́n sì rí i pé láàárín àwọn tí ń tọ́jú ẹnìkejì wọn tí ìtọ́jú náà sì ń ni wọ́n lára, ewu ikú fi ìdá 63 nínú 100 ju ti àwọn tí kò tọ́jú ẹnikẹ́ni lọ. Olùtọ́jú kì í sùn, kì í rántí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀, kì í lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́, ìbínú àti ẹ̀bi a sì máa pààrọ̀ ara wọn lọ́kàn rẹ̀: ó jágbe mọ́ ọkọ rẹ̀ lálẹ́, ó sì ń sunkún nítorí rẹ̀ lówùúrọ̀. Irú ìbínú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àmì pé ìfẹ́ ti tán. Àárẹ̀ ni, ìsinmi sì ni oògùn rẹ̀.

Ìwádìí mìíràn wà tí ó fi ọ̀nà àbáyọ hàn. Mary Mittelman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì New York ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ tàbí aya 406 tí wọ́n ń tọ́jú ẹnìkejì tí ó ní àrùn Alzheimer. Wọ́n fún apá kan nínú wọn ní ìjókòó ìmọ̀ràn mẹ́fà láàárín oṣù mẹ́rin, àwọn kan fún olùtọ́jú nìkan, àwọn kan pẹ̀lú gbogbo ẹbí, wọ́n da olùtọ́jú pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ kan náà ń bá fínra, wọ́n sì fún un ní ẹni tí ó lè pè lórí fóònù nígbàkigbà. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2006, àwọn tí wọ́n rí ìrànlọ́wọ́ yìí gbà lè tọ́jú ẹnìkejì wọn nílé fún ọjọ́ 557 ju àwọn tí kò rí i gbà lọ, ìyẹn nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀. Kò sí oògùn nínú rẹ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni ìpàdé ẹbí, ìpàdé ẹbí sì wà ní Rẹ́mọ kí New York tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó kù ni pé orí ilẹ̀, oyè àti ìsìnkú ni wọ́n sábà máa ń pè é lé.

Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, tí àgbà ẹbí kan tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́ràn sí lẹ́nu bá pè é, ní iṣẹ́ gidi láti ṣe. Kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí olùtọ́jú sọ̀rọ̀ tán láìdá a lẹ́nu, kí ó sọ ohun tí òru ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n wá pín iṣẹ́, kì í ṣe owó nìkan: ọmọ tí ó wà ní Èkó lè wá sùn nílé láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Àìkú lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí Ìyá lọ sùn sí ibòmíràn, nítorí wákàtí oorun méjì tí ó tẹ̀ léra kò tó ènìyàn, èyí tí ó wà ní òkè òkun lè san owó ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí olùtọ́jú tí wọ́n kọ́, kí ó ra pámpásì, kí ó sì gba ìwé ìdálẹ́kọ̀ọ́ iSupport tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2019 fún àwọn olùtọ́jú, kí ó máa kà á fún Ìyá lórí fóònù ní èdè tí ó yé e. Ìyàwó ọmọ kì í ṣe ẹrú tí wọ́n yóò kàn da iṣẹ́ lé lórí nítorí pé òun ló sún mọ́ ilé jù. Ìjọ àti mọ́sálásí pẹ̀lú, tí wọ́n máa ń wá kí aláìsàn ní ogún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n sì ń dá ariwo sílẹ̀ fún un, yóò ṣàǹfààní jù bí wọ́n bá rán ẹni méjì tí aláìsàn mọ̀ láti jókòó tì í fún wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí aya rẹ̀ lè lọ sí ọjà tàbí kí ó kàn lọ jókòó lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́.

Ọkọ tí ń tọ́jú aya ní ìṣòro tirẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa yìn ín fún ohun tí wọ́n kì í yin obìnrin fún, wọ́n a sì tún máa gbà á nímọ̀ràn nídàkejì pé kí ó fẹ́ ẹlòmíràn tàbí kí ó dá a padà sí ilé bàbá rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ̀pọ̀ ọkùnrin bí a ṣe ń wẹ àgbàlagbà tàbí bí a ṣe ń di irun obìnrin, ojú sì ń tì wọ́n láti béèrè. Ọkùnrin tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ ìyàwó rẹ̀, tí ó fi aṣọ bo ìdajì ara rẹ̀ nígbà tí ó ń wẹ ìdajì kejì kí òtútù àti ìtìjú má ṣe bá a, ń ṣe iṣẹ́ ọkọ ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Ní ilé olórogún, ọ̀rọ̀ tún ní ẹ̀ka: ta ni yóò tọ́jú bàbá, ta ni kò gbọdọ̀ dá sí i, ta ni wọ́n yóò fẹ̀sùn kàn lọ́jọ́ iwájú. Ìtọ́jú tí àwọn ìyàwó bá pín láàárín ara wọn ní gbangba, pẹ̀lú ìmọ̀ gbogbo àwọn ọmọ, kì í ṣòro tó èyí tí ẹnìkan ṣe ní ìkọ̀kọ̀.

Ohun ìní gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn, kì í ṣe ti ìparí. Ilẹ̀ Rẹ́mọ tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá kiri, bàbá tí iyè rẹ̀ ń rà sì lè fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ kan náà fún ẹni mẹ́ta láìrántí èyí tí ó ṣáájú. Nígbà tí dókítà bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ àrùn náà, tí aláìsàn ṣì ní òye, ni kí wọ́n pe agbẹjọ́rò tí gbogbo ẹbí fọkàn tán, kí aláìsàn fúnra rẹ̀ sọ ohun tí ó fẹ́, kí ó ṣe ìwé ìhágún bí kò bá tí ì ṣe é, nítorí pé òfin kò ka ìwé ìhágún ẹni tí òye rẹ̀ kò pé mọ́ sí. Kí wọ́n sì ṣètò owó ìfẹ̀yìntì àti àkáǹtì báńkì ní ọ̀nà tí aya kò fi ní máa tọrọ owó oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọ.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, iṣẹ́ náà á yí padà. Aláìsàn á dẹ́kun ìrìnkiri, á di ẹni tí ń jókòó, lẹ́yìn náà á di ẹni tí ń dùbúlẹ̀. Oúnjẹ á máa há a lọ́fun. Ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n fi epo sè rọ̀, ẹ̀kọ gbígbóná tí kò ṣàn jù, mọ́ínmọ́ín tí kò ní eegun ẹja, gbogbo wọn rọrùn láti gbé mì ju ẹ̀bà tí ó le lọ, kí ó sì wà ní ìjókòó títí ìdajì wákàtí yóò fi kọjá lẹ́yìn oúnjẹ. Kí wọ́n máa yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì ní wákàtí méjì-méjì kí egbò má baà dé ìdí àti gìgísẹ̀. Ní àkókò yìí, aya ti ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ tí ó ṣì ń mí, kò sì sí aṣọ dúdú tàbí ìbánikẹ́dùn fún irú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ tí ó bá lè sọ fún un pé òun mọ̀ pé ó ti ń pàdánù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ owó kò lè ṣe.

Lẹ́yìn ikú, gbogbo ilé á kún, wọ́n á dá aṣọ ẹbí, wọ́n á sì ṣe ìnáwó òkú àgbà bí ó ti yẹ. Ọ̀sẹ̀ tí àwọn àlejò bá tú ká ni opó tí ó ti fi ọdún mẹ́fà tàbí mẹ́jọ jí lóru yóò kọ́kọ́ rí àyè dùbúlẹ̀, ìgbà náà sì ni gbogbo àìsàn tí ó ti ń sún síwájú yóò dé: ẹ̀jẹ̀ tí wọn kò wọ̀n láti ọjọ́ pípẹ́, ojú tí kò ríran mọ́, ẹ̀yìn tí ó ti ń dùn láti ìgbà tí ó ti ń gbé ọkọ rẹ̀. Ìpàdé ẹbí tí ó ṣètò ìsìnkú ni ó yẹ kí ó yan ọmọ tí yóò mú un lọ fún àyẹ̀wò ní Ṣágámù tàbí Ìlíṣàn kí oṣù kan tó pé, kí wọ́n sì ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó dá aṣọ.